Ẹ Má Sun Pòròpòrò Yín: Oúnjẹ Ẹran Ni

  Òjò ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀pà ń gbó, ẹ̀wà ń gbẹ, ọkà bàbà àti jéró sì ti ń tẹrí ba. Láìpẹ́ ẹ ó kó èso wálé, ẹlòmíràn yóò sì ṣáná sí ohun tó kù lóko kí ilẹ̀ lè mọ́. Kí ẹ tó ṣáná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí tán.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé, kí ló kan ẹ̀ka ìgbáyégbádùn nínú oúnjẹ ewúrẹ́? Ó kàn wá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní ibùdó yìí, ewúrẹ́ ni báńkì. Òun ni a ń tà bí àìsàn bá dé, òun ni a ń tà bí owó ilé-ìwé bá tó san. Bí ewúrẹ́ bá rù, owó ilé-ìwé rù nìyẹn.

ÀṢÌṢE TIWA

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe tí àwa fúnra wa ṣe. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ kan, bàbá kan ní ibùdó yìí wá bi wá pé báwo ni àgbò òun ṣe lè tètè sanra. Àgbò náà ni ó fẹ́ tà kí ó fi san owó ìdánwò ọmọ rẹ̀. A ní kí ó máa fún un ní ọkà bàbà àti kúlíkúlí ní àjẹyó. Bàbá gbà wá gbọ́, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ikùn àgbò náà wú, ó dùbúlẹ̀, ó ń payín keke. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú.

Ọmọ náà kò rí ìdánwò ṣe lọ́dún yẹn, ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó tó ṣe é. Ẹ̀bi àgbò náà, tiwa ni. Láti ìgbà náà ni a ti pinnu pé a kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn lórí ẹran mọ́ láìjẹ́ pé a kọ́kọ́ wádìí ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tí a rí kọ́ ni a ń pín fún yín yìí.

ÀWỌN TÓ MỌ̀ Ọ́N KÒ JÌNNÀ SÍ WA

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Wamakko tí a wà yìí, ní ìhà Dundaye, ni Yunifásítì Usmanu Danfodiyo wà. Ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1975, Yunifásítì ti Sókótó ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń pè é. Ní 1988 ni wọ́n fi orúkọ Shehu Usmanu Danfodiyo pè é. Wọ́n ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹran. Ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí oúnjẹ ẹran ń dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo tó kan gbogbo wa: kí ni ẹran lè jẹ ní ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin péré, tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń gba ìyókù ọdún?

Ẹran tí wọ́n fi ń dán oúnjẹ wò kì í ṣe ẹran àjèjì. Ewúrẹ́ pupa Sókótó wà nínú wọn, èyí tí awọ rẹ̀ ti lókìkí láti ayébáyé. Àwọn oníṣòwò a máa gbé awọ náà la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Mòrókò, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òyìnbó fi ń pè é ní awọ Mòrókò, láìmọ̀ pé ìhà tiwa níhìn-ín ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Àgùntàn Uda náà wà níbẹ̀, èyí tí iwájú rẹ̀ dúdú tàbí pupa, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí náà kò ṣòro láti lóye. Wọn á pín ẹran tí ọjọ́ orí àti ìwọ̀n wọn sún mọ́ra sí ọ̀wọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan á máa jẹ oúnjẹ tirẹ̀. Wọn á wọn oúnjẹ kí ẹran tó jẹ ẹ́, wọn á wọn èyí tó ṣẹ́kù, wọn á kó ìgbẹ́ ẹran jọ, wọn á sì wọn òun náà. Ohun tó wọlé tí kò bá ìgbẹ́ jáde ni ara ẹran gbà. Wọn á máa gbé ẹran sórí òṣùwọ̀n látìgbàdégbà, wọn á sì ṣírò iye tí oúnjẹ náà ná wọn. Oúnjẹ tó mú ẹran sanra, ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ ju èrè lọ, kò wúlò fún àgbẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, S. A. Maigandi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì yìí wo ìdọ̀tí tútù tó máa ń wà nínú ṣàkì ẹran tí a bá pa, èyí tí àwọn alápatà máa ń dà nù ní odò ẹran. Wọ́n gbẹ ẹ́, wọ́n sì fi í rọ́pò ewé ẹ̀pà àti èèpo ẹ̀wà nínú oúnjẹ àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn Uda láti mọ ibi tí yóò lè dé. A kò ní kí ẹ ṣe irú rẹ̀ nílé. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ronú: ohun tí ẹnì kan ń dà nù lè jẹ́ oúnjẹ ẹran ẹlòmíràn.

IKÙN TÓ NÍ YÀRÁ MẸ́RIN

Kí á tó lè bọ́ ẹran dáadáa, ó yẹ kí á mọ irú ikùn tó ní. Ikùn ènìyàn, yàrá kan ni. Ti màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, yàrá mẹ́rin ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fọ inú ẹran ti fi ojú rí wọn. Èyí tó tóbi jù ni ṣàkì, tí ojú rẹ̀ dà bí aṣọ ìnura. Èkejì ní ojú bí afárá oyin. Ẹ̀kẹta ní awẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ nínú bí ojú ìwé. Ẹ̀kẹrin ló dà bí ikùn tiwa. Inú rẹ̀ ni omi kíkan tó ń da oúnjẹ wà.

Inú ṣàkì ni iṣẹ́ ńlá ti ń ṣẹlẹ̀. Ewúrẹ́ kò lè fúnra rẹ̀ da pòròpòrò. Àìmọye ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín, tí ojú lásán kò lè rí, ló ń gbé inú ṣàkì, àwọn ló sì ń wó koríko palẹ̀ bí ikán ṣe ń wó igi. Ewúrẹ́ á kọ́kọ́ gbé koríko mì. Nígbà tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, á pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, á tún un rún kúnná. Àpọ̀jẹ tí ẹ ń kà nínú Bíbélì nìyẹn. Nígbà tó bá yá, àwọn ẹlẹ́mìí tíntìntín náà á bá omi ṣàn lọ sí yàrá kẹrin, ẹran á sì da àwọn náà bí oúnjẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń bọ́ ewúrẹ́, agbo méjì ni ẹ ń bọ́: ewúrẹ́ tí ẹ ń rí, àti agbo inú ṣàkì tí ẹ kò rí. Bí ebi bá ń pa agbo inú, koríko á kún ikùn ẹran bámúbámú, síbẹ̀ ẹran náà á máa rù.

Àgbò bàbá tí a sọ lókè, agbo inú rẹ̀ ni a ṣẹ̀. Koríko ni agbo náà mọ̀ ọ́n jẹ. A da ọkà lé e lórí lójijì. Àwọn ẹlẹ́mìí tó fẹ́ràn ọkà pọ̀ rẹpẹtẹ láàárín ọjọ́ kan, wọ́n sọ inú ṣàkì di kíkan bí omi ògì, àwọn tó ń jẹ koríko kú, àgbò sì bá wọn lọ.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ OHUN TÍ A NÍ?

Agbo inú ṣàkì kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá rí èròjà amáradàgbà tó, irú èyí tó wà nínú ẹ̀wà tí àwa ènìyàn ń jẹ. Bí èròjà yìí bá kéré sí bíi 7 nínú 100 ìwọ̀n oúnjẹ gbígbẹ, iṣẹ́ wọn á dẹ̀, oúnjẹ á pẹ́ nínú ikùn, ẹran á sì dín jíjẹ kù. Ẹ wo ohun tó wà lóko wa:

Pòròpòrò ọkà bàbà, ti jéró, àti koríko ìrẹsì: bíi 3 sí 5 nínú 100.
Eèrí ọkà: bíi 10 sí 12 nínú 100.
Ewé àti ìtàkùn ẹ̀pà tó gbẹ dáadáa, tí àwọn Haúsá ń pè ní harawa: bíi 10 sí 14 nínú 100.
Ewé àti ìtàkùn ẹ̀wà: bíi 12 sí 17 nínú 100.
Kúlíkúlí: bíi 40 nínú 100, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ rí i pé pòròpòrò nìkan kò tó. Ìdí nìyí tí ewúrẹ́ fi ń rù nígbà tí koríko gbígbẹ kún ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún rí i pé ohun tí yóò gbà á ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú oko kan náà. Ẹ̀pà àti ẹ̀wà ni ọ̀rẹ́ pòròpòrò.

Ó yẹ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Ewúrẹ́ tó wọn kílò 20 á jẹ oúnjẹ gbígbẹ tó bíi 3 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́, èyí tí í ṣe gíráàmù 600. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù karùn-ún jẹ́ bíi ọjọ́ 210. Gíráàmù 600 lọ́nà 210, kílò 126 ni. Ìdílé tó bá ní ewúrẹ́ mẹ́rin nílò kílò 504, àfi ohun tí ẹran bá rí jẹ níta fúnra rẹ̀. Ẹ gbé ìdì ewé ẹ̀pà kan àti ìdì pòròpòrò kan wá sí ọ́fíìsì wa, a ó bá yín wọ̀n wọ́n, ẹ ó sì mọ iye ìdì tí ilé yín nílò.

Ìyá kan ní ibùdó yìí ta gbogbo ewé ẹ̀pà rẹ̀ nígbà ìkórè ọdún tó kọjá, nítorí pé owó pọ́n ọn lójú. Ní oṣù kẹta ó tún lọ ra ewé ẹ̀pà lọ́jà ní ìlọ́po méjì iye tí òun fúnra rẹ̀ tà á. Nígbà tí owó tán, ó ta ewúrẹ́ méjì tí wọ́n ti rù kan egungun, iye tí wọ́n fún un kò sì tó nǹkan. A kò dá a lẹ́bi, nítorí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mọ iye ìdì tí ẹ nílò, ẹ ó lè ta èyí tó lé, ẹ kò sì ní fọwọ́ kan èyí tí ewúrẹ́ yóò jẹ.

BÍ A ṢE Ń KÓ O PAMỌ́

Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìgbà ìkórè ni a ń bọ́ ẹran oṣù kẹrin. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é nìyí:

1. Bí ẹ bá hú ẹ̀pà, ẹ má fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ nínú oòrùn gan-an títí yóò fi gbẹ háráhárá. Ewé ni oúnjẹ wà nínú rẹ̀ ju igi rẹ̀ lọ; bí ó bá gbẹ jù, ewé á rún dànù, igi lásán ni ẹ ó kó wálé. Ẹ sá a fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ máa yí i, kí ẹ sì kó o bọ́ sábẹ́ ìbòòji nígbà tó ṣì ní àwọ̀ ewé lára.

2. Ẹ kan pẹpẹ onígi tó ga kúrò nílẹ̀ kí ikán má bàa jẹ ẹ́, kí ewúrẹ́ má sì lè fà á ya. Àwọn Haúsá aládùúgbò wa a máa gbé tiwọn sórí òrùlé tàbí sáàárín ẹ̀ka igi, ọgbọ́n ni.

3. Ẹ má kó o jọ ní tútù. Ohun tó bá bu, ẹ má fún ẹran jẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960, tòlótòló tó ju 100,000 lọ ló kú nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà tó ti bu ṣe. Oró inú èbu náà a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ti ẹran àti ti ènìyàn.

4. Ẹ gé pòròpòrò wẹ́wẹ́, kí gígùn rẹ̀ má ju ìka ọwọ́ lọ. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀ ní odindi, ẹran á ṣa ewé rẹ̀ jẹ, á sì tẹ ìyókù mọ́lẹ̀.

BÍ A ṢE Ń PÒ Ó

Ìpò méjì ni a ṣírò fún yín. Èkíní wà fún ẹran tí a kàn fẹ́ kí ó má rù títí òjò yóò fi dé. Nínú kílò 10, ẹ fi pòròpòrò gígé kílò 5, ewé ẹ̀pà tàbí ti ẹ̀wà kílò 3, àti eèrí kílò 2. Èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ á tó bíi 8 nínú 100, ó sì ti kọjá 7 tí agbo inú ṣàkì nílò.

Èkejì wà fún àgbò tàbí òbúkọ tí a fẹ́ sọ di sísanra fún títà. Nínú kílò 10, ẹ fi pòròpòrò kílò 2, ewé ẹ̀pà tàbí ti ẹ̀wà kílò 4 àti ààbọ̀, eèrí kílò 2 àti ààbọ̀, àti kúlíkúlí lílọ̀ kílò 1. Èyí á tó bíi 13 nínú 100. Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí méjèèjì, kí omi mímọ́ sì wà níwájú ẹran tọ̀sán-tòru. Ẹran tí kò rí omi mu kò ní jẹun.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí ẹ má yí oúnjẹ padà lójijì. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì bù ú sí i díẹ̀díẹ̀, kí agbo inú ṣàkì lè mọ oúnjẹ tuntun náà. Àgbò Iléyá, oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú ni à ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì rántí pé Iléyá a máa fi bíi ọjọ́ 11 sún síwájú lọ́dọọdún, nítorí náà ẹ ka oṣù yín dáadáa.

BÍ Ó BÁ JẸ́ PÒRÒPÒRÒ NÌKAN NI Ẹ NÍ

Ẹni tí kò gbin ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà ń kọ́? Ọ̀nà kan wà tí àwọn onímọ̀ ti dán wò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ China sì lò gan-an láàárín àwọn ọdún 1990. Yùríà ni, ajílẹ̀ funfun tí ẹ ń fi sí ẹsẹ̀ àgbàdo.

Ẹ tú kílò 4 yùríà sínú omi lítà 50. Ẹ wọ́n ọn sórí pòròpòrò gbígbẹ kílò 100 tí ẹ ti gé, ní ipele-ní-ipele, kí ó kárí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra pinpin nínú kòtò tí ẹ tẹ́ ọ̀rá sí, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ fi erùpẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 21. Nínú kòtò náà, yùríà á yí padà di afẹ́fẹ́ kan tó ń ta ni nímú bí ìtọ̀ tó ti pẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí á mú kí líle pòròpòrò dẹ̀, èròjà tí agbo inú ṣàkì nílò á sì tó ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ bu èyí tí ẹran yóò jẹ, ẹ tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ kan kí òórùn náà tó lọ sílẹ̀.

Ẹ fetí sí ìkìlọ̀ yìí dáadáa. Yùríà tí a kò tíì lò bẹ́ẹ̀ oró ni. Bí ẹran bá lá a, tàbí tó mu omi rẹ̀, ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ má fún ọmọ ẹran tó ṣì ń mu ọmú, ẹ má sì fún ẹṣin tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, nítorí wọn kò ní ṣàkì. Ẹ má fún ẹran tí ebi ti pa jù lójijì. Kí ẹ tó ṣe kòtò àkọ́kọ́, ẹ pe òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kí ó dúró tì yín.

EWÉ IGI

Níbí igi kan wà tó yàtọ̀ sí gbogbo igi. Àwọn Haúsá ń pè é ní gawo. Nígbà òjò ló ń wọ́wé, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń rúwé. Ewé rẹ̀ àti èso rẹ̀ tó ká kò bí etí jẹ́ oúnjẹ ẹran ní àkókò tí kò sí òmíràn, irúgbìn sì ń ṣe dáadáa lábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò. Ẹ má gé e lulẹ̀. Kalgo náà wà, tó jẹ́ ẹbí igi abàfẹ̀ tí ẹ mọ̀ nílé. Ẹran fẹ́ràn èso rẹ̀.

Nílé lọ́hùn-ún pàápàá, wọ́n ti ṣe irú ìwádìí yìí. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ILCA, àjọ àgbáyé tó ń wádìí nípa ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, ti Ìbàdàn bá àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ọ̀yọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n gbin leucaena àti àgúnmánìyè ní ìlà-ìlà sáàárín àgbàdo, wọ́n ń gé ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn, wọ́n sì ń fi díẹ̀ sọ ilẹ̀ dọ̀tun. Èyí fi hàn pé ẹran àti oko kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

A tún fẹ́ rán yín létí pé ẹran ibí yàtọ̀ sí ti ilé. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ Yorùbá lè fara da àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri nínú igbó. Ewúrẹ́ pupa Sókótó kò ní irú agbára yẹn. Ọ̀pọ̀ tó kó o lọ sílé ló ti pàdánù rẹ̀. Ẹ kúkú tà á níbí, kí ẹ gbé owó lọ.

ILẸ̀, ALÁDÙÚGBÒ ÀTI ỌJỌ́ Ọ̀LA

Bí gbogbo wa bá kó gbogbo pòròpòrò wálé, kí ni yóò ṣẹ́kù fún ilẹ̀? Kí ni yóò sì ṣẹ́kù fún àwọn Fúlàní darandaran, tí wọ́n ti ń da màlúù wọn gba orí oko lẹ́yìn ìkórè kí àwa tó dé síbí? Màlúù wọn ń jẹ ìyókù oko, wọ́n sì ń fi ìgbẹ́ wọn sílẹ̀ fún ilẹ̀ wa. Àdéhùn àtijọ́ ni, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí a bá já a lójijì, ìjà ni yóò dé.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kó ewé ẹ̀pà àti ti ẹ̀wà wálé, kí ẹ kó pòròpòrò tí ilé yín nílò bí a ti ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ ibùdó àti àwọn àgbà darandaran jókòó pọ̀ kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fẹnu kò sí ọjọ́ tí màlúù yóò wọlé àti ibi tí wọn yóò gbà. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tí ẹ bá gbá jọ nílé, ẹ dá a padà sóko. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe rárá ni kí á sun pòròpòrò, nítorí ẹni tó sun ún fi oúnjẹ du ewúrẹ́ tirẹ̀, ó fi du màlúù aládùúgbò, ó sì fi du ilẹ̀.

Nǹkan méjì ló kù tí a fẹ́ kí ẹ rò. Èkíní ni ti àwọn ọmọ. Bí oúnjẹ ẹran bá tán nílé, àwọn ni à ń rán lọ wá ewé. Ọmọ tó jáde ní òwúrọ̀ lọ wá ewé kò ní dé kíláàsì, ìgbẹ́ tó jìnnà ní ìpínlẹ̀ yìí kò sì láàbò bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìdì ewé ẹ̀pà tó wà lórí pẹpẹ ń dá ọmọ kan dúró sí ilé-ìwé.

Èkejì kan gbogbo ayé. Nígbà tí agbo inú ṣàkì bá ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní methane máa ń jáde, ẹran á sì gùn ún síta lẹ́nu. Ó wà lára àwọn afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé móoru sí i, ìfi-oúnjẹ-ṣòfò sì ni fún ẹran náà. Ẹran tí a fi ebi bọ́, tó fi ọdún mẹ́rin dé ìwọ̀n tí òmíràn ń dé ní ọdún méjì, ó ti fi ọdún méjì gun afẹ́fẹ́ yìí lásán. Ohun tó ṣe àgbẹ̀ lóore níhìn-ín ṣe ayé náà lóore.

Bàbá tí àgbò rẹ̀ kú ti ra òmíràn. Ọ̀sẹ̀ kẹfà rèé tó ti ń bọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, ewé ẹ̀pà ṣáájú, eèrí tẹ̀ lé e. Nígbà tí a yà kí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí á má wulẹ̀ gba òun nímọ̀ràn kankan mọ́, kí á kàn bá òun di ẹsẹ̀ àgbò náà mú kí á gbé e sórí òṣùwọ̀n. A bá a gbé e. Ó ti tẹ̀wọ̀n sí i.